Ọkọ̀ Ogun Onígbòkun Ńlá fún Eré Orí Tábìlì: Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Mí ní Ìbàdàn

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń kan ọkọ̀ ogun onígbòkun nínú yàrá kan ní Mọ́kọ́lá, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ rí òkun ti ní láti wọ mọ́tò lọ sí Èkó. Àlejò kì í wọlé kó má bèèrè. Àwọn kan á pè, àwọn kan á fi ohùn ránṣẹ́. Ìbéèrè wọn kì í yàtọ̀ síra lọ títí, ni mo bá kó wọn jọ kí ẹnu mi lè sinmi. Ọ̀nà tèmi ni mo ń sọ o. Ẹni tó ń kan ọkọ̀ sínú gíláàsì fún wíwò máa bá mi jiyàn, kò sì burú. Ọkọ̀ tí à ń fọwọ́ gbé, tí à ń tì kiri, tí òpó rẹ̀ ń wó lọ́sàn-án Sátidé ni tèmi.

Kí ni eré ogun orí tábìlì gan-an? Ṣé eré ọmọdé ni?

Bí ayò ọlọ́pọ́n bá jẹ́ eré ọmọdé, á jẹ́ pé èyí náà rí bẹ́ẹ̀. Tábìlì tàbí ilẹ̀ pálọ̀ la fi ń ṣe òkun. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọkọ̀ kan tàbí méjì tó jẹ́ ọ̀gákọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀: iye àgbá, iye atukọ̀, iye ìyà tí ara ọkọ̀ lè jẹ, iye tí òpó lè gbà kó tó wó. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan, a ó ti pinnu ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, torí atẹ́gùn lọba níbẹ̀. Ọkọ̀ tí ìgbòkun rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin kò lè sún mọ́ ojú atẹ́gùn ju nǹkan bíi dígírì 67 lọ. Bó bá fẹ́ lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, á gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, á yí padà gba ẹ̀gbẹ́ òsì, bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè Màpó. Ẹni tó bá wà lápá òkè atẹ́gùn, ìyẹn ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀, ló ń yan ìgbà tí ìjà máa bẹ̀rẹ̀. Bí a bá yìnbọn, dáìsì lúdò ló máa sọ bóyá ó bà tàbí kò bà.

Kì í ṣe àṣà àná. John Clerk, ará Eldin ní Skọ́tílándì, tó kú ní 1812, kò ṣe iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi rí láyé rẹ̀. Orí tábìlì ló ti ń ti ọkọ̀ kéékèèké kiri títí ó fi kọ ìwé nípa ọgbọ́n ìjà òkun, àwọn ọ̀gágun ojú omi gan-an sì kà á. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ará Ìbàdàn kò mọ nǹkan kan nípa òkun, ẹ dárúkọ Clerk fún un, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ńlá? Mo rí kéékèèké lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kéékèèké wà lóòótọ́, mo sì ní díẹ̀. HMS Victory (HMS ni wọ́n ń kọ síwájú orúkọ ọkọ̀ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì), ọkọ̀ Nelson, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, gùn tó nǹkan bíi mítà 57 ní àjà àgbá rẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ pákó tí wọ́n to àgbá sí. Ní ìwọ̀n 1:1200, níbi tí a ti pín gígùn ọkọ̀ gidi sí ọ̀nà 1200, ìyẹn kò pé sẹ̀ǹtímítà 5. Eré Sails of Glory ń lo 1:1000, Black Seas ń lo 1:700. Bó bá jẹ́ gbogbo ogun Trafalgar ti 21 oṣù Kẹwàá 1805 lẹ fẹ́ tò, níbi tí ọkọ̀ ńlá 27 ti Gẹ̀ẹ́sì ti kojú 33 ti Faransé àti Sípéènì, ẹ yáa ra kékeré. Ọgọ́ta ọkọ̀ ńlá kò ní wọ pálọ̀ ẹnikẹ́ni, àfi kí ẹ háyà gbọ̀ngàn Màpó.

Ṣùgbọ́n nínú kékeré, ẹ ò rí ènìyàn kankan. Ní 1:56 tí èmi ń lò, ọmọ ogun kan ga tó sẹ̀ǹtímítà 3. Ẹ lè to àwọn tó ń ki àgbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá wọn, kí ẹ sì mú ẹni tí ọta bà kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ méjì bá fara kanra, tí àwọn ọmọ ogun ń fò láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, ojú gbogbo ènìyàn máa ń là. Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan, àgbà tó rọra ń sọ̀rọ̀, ti kígbe mọ́ ọmọ igi rí nínú pálọ̀ mi pé: "Ẹ mú un! Ẹ má jẹ́ kó dé ibi ìtọ́kọ̀!" Ọkọ̀ tó kéré bí ẹ̀wà kò ní mú un kígbe báyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé Victory ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Rárá o, àbúrò. Àgbá 104, àjà mẹ́ta. Ní 1:56 ó ju mítà kan lọ kó o tó fi ọ̀pá imú rẹ̀ kún un. Ọkàn rẹ á ti kúrò níbẹ̀ kó o tó dé àjà kejì. Mú ọkọ̀ olópòó méjì, tàbí olópòó mẹ́ta kékeré tí àgbá rẹ̀ kò ju 20 lọ. Ọkọ̀ alágbàá 38 náà, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní frigate, máa gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 80. Ìyẹn fún ẹ̀ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta.

HMS Myrmidon lèmi fi bẹ̀rẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà sílé. Ní 1821 wọ́n kó ọmọdé kan tó ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn, lápá Ìsẹ́yìn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ títí dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ Potogí kan tó ń jẹ́ Esperança Feliz. Ní 7 oṣù Kẹrin 1822, Myrmidon, ọkọ̀ alágbàá 20 tí Henry Leeke jẹ́ ọ̀gákọ̀ rẹ̀, gbá ọkọ̀ ẹrú náà mú. Ọmọ yẹn ló di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, tó tú Bíbélì sí èdè tí mo fi ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo ń fi bíléèdì gé ojú ihò àgbá ọkọ̀ náà, kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀.

Bó o bá fẹ́ ọkọ̀ méjì tí wọ́n lè bára wọn jà lójú ẹsẹ̀, kan Black Joke àti El Almirante. Ọkọ̀ ẹrú ni Black Joke tẹ́lẹ̀, Henriqueta lorúkọ rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú un ní 1827, wọ́n sì sọ ọ́ di ọkọ̀ tó ń lé ọkọ̀ ẹrú. Ní oṣù Kejì 1829 ó mú ọkọ̀ ẹrú El Almirante tó ní àgbá 14, tí ẹrú 466 sì wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àgbá Black Joke kò tó nǹkan. Eré tó dùn ni, torí ẹni tó ní àgbá púpọ̀ máa rò pé òun ti jẹ ẹ́, ẹni tó mọ atẹ́gùn lò ló sì máa ń jẹ ẹ́. Àwọn méjèèjì jẹ́ olópòó méjì, iṣẹ́ wọn kò pọ̀.

Níbo la ti ń rí àwòrán ọkọ̀, báwo la sì ṣe ń sọ ọ́ di ìwọ̀n tiwa?

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ojú omi ní Greenwich, ní Lọ́ńdọ̀nù, tọ́jú àwòrán ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ́pọ̀ yanturu. Ti ọ̀tá náà wà níbẹ̀, torí bí wọ́n bá mú ọkọ̀ Faransé, wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n láti iwájú dé ìdí kí wọ́n lè mọ àṣírí rẹ̀. Fredrik Henrik af Chapman, ará Swídìn, sì tẹ ìwé àwòrán ọkọ̀ jáde ní 1768. Ẹ lè rí i wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìṣirò náà rọrùn: ẹ pín gbogbo nǹkan sí 56. Ẹsẹ̀ bàtà kan di nǹkan bíi mílímítà 5 àti ààbọ̀, mítà kan di mílímítà 18 ó dín díẹ̀. Agbowó ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà A4, mo wá ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Níbẹ̀ ni mo ti jẹ ẹ̀kọ́ mi. Ọmọkùnrin tó ń tẹ̀wé fún mi fún bébà mẹ́rin láyè kó "fit to page", ìyẹn kí ẹ̀rọ dín àwòrán kù kó lè wọ bébà, kò fún márùn-ún tó kù. Mi ò wo ó. Ìgbà tí mo gé egungun ìhà tán ni mo rí i pé iwájú ọkọ̀ mi tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ sì sanra, bí ẹja tó gbé ẹja mì. Látìgbà náà, mo máa ń fa ìlà sẹ̀ǹtímítà 10 sórí bébà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, mo sì máa ń fi rúlà wọ̀n ọ́n níwájú wọn kí n tó sanwó.

Igi wo ló dáa, níbo ni kí n ti rà á?

Bódìjà, ìsọ̀ àwọn onípákó. Ẹ má ra pákó odindi. Ẹ bèèrè àjákù, èyí tí wọ́n gé kù tí wọ́n fẹ́ fi dáná. Wọ́n á wò yín bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò.

Arère ni kí ẹ béèrè. Káfíńtà kan tí mo mọ̀ ṣe ṣíọ̀ nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀: "Arère? Igi tí wọ́n fi ń ṣe àjà, tí kò lè gbé ènìyàn?" Mo ní kò sẹ́ni tó máa gun ọkọ̀ mi. Arère fúyẹ́, ojú rẹ̀ jọra láti òkè dé ilẹ̀, ó ń gbọ́ràn sí ọ̀bẹ lẹ́nu, kì í sì í là bí ẹ bá gbá ìṣó wẹ́wẹ́ mọ́ ọn. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn òyìnbó tó ń kan irú ọkọ̀ yìí ń fi owó gidi ra igi kan tí wọ́n ń pè ní obeche, ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ọ̀rá. Arère wa náà ni. Láti ìhà tiwa ní Áfíríkà ni wọ́n ti ń kó o lọ.

Àléébù rẹ̀ méjì ni. Bó bá tutù pẹ́, ó ń dúdú bíi pé wọ́n da yíǹkì sí i. Èkejì, kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ fi pákó náà gbá ilẹ̀: bí ìyẹ̀fun bá já bọ́, ẹ dá a padà. Mo mú ọ̀kan wálé láìwò. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà mo bá òkìtì ìyẹ̀fun kékeré lábẹ́ ọkọ̀ tí mo ti kùn tán. Kòkòrò ti sọ àjà àgbá di ìlú tirẹ̀.

Fún ohun tí ojú máa rí, bí ọwọ́ ìdúró ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tàbí àtẹ̀gùn, ọ̀gánwó dáa jù, pupa rẹ̀ kò fẹ́ ọ̀dà. Igi súyà ló ń ṣe ọ̀pá ìgbòkun tó wà lókè pátápátá. Ọparun tí ẹ là sí wẹ́wẹ́ ń ṣe èyí tó tóbi díẹ̀. Ìsàlẹ̀ òpó gan-an gbọ́dọ̀ nípọn tó mílímítà 10 sí 12, ẹ gbẹ́ ẹ láti ara arère kí ẹ sì fi sáńpépà yí i roboto.

Báwo lẹ ṣe ń kan ara ọkọ̀ náà?

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ gé e ní ojú omi. Ohun tó wà nísàlẹ̀ omi kò sí nínú eré yìí, torí ọkọ̀ máa jókòó sórí tábìlì. Ó ń dín iṣẹ́ kù ní ìdajì.

Ọ̀nà méjì ni mo ti gbà. Èkíní ni kí ẹ to pákó pẹlẹbẹ léra bí ẹni ka aṣọ, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí ẹ wá gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó yá, ó lágbára, ó sì wúwo. Ẹ gé àárín pákó kọ̀ọ̀kan kúrò kí ẹ tó tò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹni méjì ló máa gbé e. Èkejì ni ti egungun: pílàìwúùdù mílímítà 3 fún egungun ìhà, ọ̀já arère tẹ́ẹ́rẹ́ láti bò ó. Èyí wù mí ju, àmọ́ ọ̀já náà máa ń ṣẹ́ níbi tí iwájú ọkọ̀ ti yípo. Mo ń rì í sínú omi gbígbóná fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà mo ń fi ìgò gbígbóná tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá kánjú, ẹ gbọ́ "pá!" nìyẹn.

Àjà òkè gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí, ó kéré tán ti ẹ̀yìn, kí ẹ lè kó àwọn ọmọ ogun sínú. Ẹ lẹ aṣọ nínípọn mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kó má bàa ha tábìlì onítábìlì.

Okùn inú ọkọ̀ ń bà mí lẹ́rù. Ṣé dandan ni gbogbo rẹ̀?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi ọkọ̀ wọn sílẹ̀ nìyí, ẹ jẹ́ kí n fẹ̀ sí i.

Okùn inú Victory gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 40. Bí ẹ bá gbìyànjú láti so gbogbo rẹ̀, ẹ máa ní ọkọ̀ tó rẹwà, tí ọwọ́ kankan kò sì lè wọ inú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ ogun kan máa já okùn mẹ́ta. Ohun tí mo ń lò láti fi dán an wò ni ọwọ́ mi fúnra mi: bí ìka mẹ́ta kò bá lè wọlé láàárín òpó iwájú àti òpó àárín, kí wọ́n mú nǹkan, kí wọ́n sì jáde láìkan okùn, okùn ti pọ̀ jù. Mo ń fi okùn tó di òpó mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti níwájú sílẹ̀, pẹ̀lú mélòó kan tó ń yí ọ̀pá ìgbòkun. Ó tán.

Okùn oríṣi méjì ló wà nínú ọkọ̀ gidi. Èyí tó di òpó mú, tí kì í kúrò lójú kan, ni wọ́n ń fi ọ̀dà pa, ó sì dúdú. Èyí tí wọ́n ń fà láti gbé ìgbòkun sókè kì í gba ọ̀dà tó bẹ́ẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi kóríko gbígbẹ. Ọwọ́ àwọn onírun ni mo ti rí èyí tó dúdú: òwú tí wọ́n fi ń di irun olówùú. Ó dúdú, ó ń dán díẹ̀, kì í tú fùrọ́fùrọ́, ọwọ́ rẹ̀ le. Ìyàwó mi ló bá mi rà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá onírun sì bi í pé ta ló fẹ́ dirun. Fún èyí tí kò dúdú, mo ń rì òwú funfun sínú tíì tí kò ní mílíìkì, mo ń jẹ́ kó sùn síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n òpó gbọ́dọ̀ lè wó. Nínú ìjà, ọta máa gé òpó òkè, ó sì gbọ́dọ̀ ṣubú lójú gbogbo ènìyàn. Ìdùnnú eré náà ni. Áńtẹ́nà rédíò tó ti bàjẹ́ ló yanjú èyí fún mi. Ẹ fà á jáde, ẹ gé e: ihò inú ọ̀kan gba èkejì wẹ́kú. Ègé tó tóbi wọ inú ìsàlẹ̀ òpó, ègé kékeré wọ ìdí òpó òkè, ẹ lè yọ ọ́ kí ẹ sì fi í padà nígbàkigbà. Bí ẹ ò bá rí áńtẹ́nà, ẹ bẹ àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Ìwó Road kí wọ́n fún yín ní íápíìsì tó ti kú. Òòfà kékeré wà nínú rẹ̀, méjì lè di òpó kan mú. Okùn òpó òkè kò gbọ́dọ̀ so mọ́ ara ọkọ̀, orí òpó ìsàlẹ̀ ni kó parí sí. Èmi so ó mọ́ ara ọkọ̀ nígbà kan. Òpó kan ṣoṣo wó, ó sì fa méjì tó kù lulẹ̀ bí aṣọ orí wáyà.

Ìgbòkun ńkọ́?

Aṣọ funfun fẹ́lẹ́, èyí tí kò dán. Gbági kún fún un. Ẹ fi tíì pa á láró díẹ̀, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà ibi tí wọ́n ti gán an pọ̀, ẹ wá mú kó le.

Mo kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ láfún mú un le, bí àwọn aládìrẹ ṣe ń lò ó. Ó le dáadáa, ó sì gba ìrísí atẹ́gùn tí mo fẹ́, mo ya fọ́tò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì aáyán ti jẹ ìgbòkun àárín títí kan ìlà pẹ́ńsù, èkúté sì gbé ti iwájú lọ pátápátá. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà tí mo là pẹ̀lú omi ni mo ń lò báyìí. Aáyán kò tíì fọwọ́ kàn án.

Ẹ má ta gbogbo ìgbòkun. Nínú ìjà, ìgbòkun òkè ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lò, wọ́n á ká èyí tó tóbi nísàlẹ̀ sókè kó má dí àwọn ènìyàn lójú, kí iná má sì ràn án. Ó bá wa lára mu: ìgbòkun ìsàlẹ̀ tó wà ní kíká kì í dí ọwọ́.

Ṣé mo ní láti ṣe gbogbo àgbá?

Àwọn tó wà ní àjà òkè nìkan lẹ máa ṣe pátápátá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ wọn. Nísàlẹ̀, ẹnu àgbá nìkan ló yọ jáde. Igi lọ́líìpọ́ọ̀pù oníke tó ní ihò nínú dára gan-an: ẹ gé e, ẹ fi bébà wé ẹnu rẹ̀ kó sanra, ẹ kùn ún ní dúdú. Àwọn ọmọ àdúgbò mi ló ń kó o wá fún mi. Ẹni tó bá kó ogún wá á gba bisikíìtì. Òwú funfun ti ilé oògùn ni èéfín. Ọkọ̀ tó bá ti yìnbọn, ẹ fi òwú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé ó ṣì ń ki àgbá.

Àwọ̀ wo ni kí n kùn ún?

Dúdú, pẹ̀lú ìlà òféefèé lójú ọ̀nà ihò àgbá, kí ìlẹ̀kùn ihò náà sì dúdú. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ Nelson rí, kò sì sẹ́ni tó máa bá yín jà. Ẹ má jẹ́ kó dán.

Kò sí tábìlì ńlá nílé mi. Níbo la ti máa ṣeré?

Ilẹ̀ ni. Pálọ̀ tí wọ́n lẹ táìlì sí dára ju tábìlì lọ, torí táìlì ti wọ̀n ọ́n fún yín. Tèmi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60. Ẹ gbọ́ ohun tó ń dààmú àwọn tuntun: bí ẹ bá fi 1:56 wọn ìrìn ọta, mítà 300 lójú òkun di mítà 5 ó lé nílé. Ọta ti gba pálọ̀ kọjá, ó ti wọ ilé ìdáná. Nítorí náà, a fẹnu kò pé ìwọ̀n ọkọ̀ yàtọ̀ sí ìwọ̀n òkun. Nílé mi, táìlì mẹ́rin ni àgbá lè dé mọ. Láàárín táìlì kan, ìyà ìlọ́po méjì.

Bó ṣe ń lọ rèé. Sátidé tó kọjá, ẹni tó ń tu frigate mi gba òkè atẹ́gùn, ó sì ń bọ̀ gbangba. Gbogbo wa rò pé ó máa tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ Myrmidon kí wọ́n máa yìnbọn lu ara wọn. Ó kọjá lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ìdí ọkọ̀ kò ní pákó nínípọn, fèrèsé ló pọ̀ jù níbẹ̀, àgbá tí wọ́n lè fi dáhùn kò sì ju méjì lọ. Ọta tó bá wọlé láti ìdí máa rin gbogbo gígùn àjà náà. Ó da dáìsì mẹ́fà, mẹ́rin bà. Mo yọ ọmọ ogun mọ́kànlá kúrò nínú ọkọ̀ ara mi, pẹ̀lú ìtọ́kọ̀. Láti ibẹ̀ lọ, atẹ́gùn ló ń wa ọkọ̀ mi, kì í ṣe èmi.

Bí ẹ bá fẹ́ àwọ̀ òkun, yáàdì mẹ́fà aṣọ búlúù, kódà kó jẹ́ àṣẹ́kù aṣọ ẹbí.

Ṣé a lè fi ja ogun tiwa?

Ẹ lè ja Ogun Àgídìngbì, oṣù Kejìlá 1851, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọlu Ọba Kòsọ́kọ́ ní Èkó kí wọ́n lè dá Akíntóyè padà sórí oyè. Kì í ṣe ti onígbòkun nìkan, torí Bloodhound àti Teazer, ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ń fi ooru omi híhó rìn, ẹ máa kan kẹ̀kẹ́ tó ń tu omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bloodhound. Kòsọ́kọ́ kò ní ọkọ̀ ńlá, àmọ́ ó to àgbá sí etí ọ̀sà, ibi tí omi kò jìn sì wà níhà tirẹ̀. Teazer ha sórí iyanrìn lójú ìjà náà gan-an. Ẹni tó ń ṣe Kòsọ́kọ́ nílé mi ti jáwé olúborí rí. Ó sì ṣe àpèjẹ.

Ṣé kì í ṣe nǹkan Olókun lẹ ń bọ nínú yàrá yẹn?

Ìyá àgbà kan ní àdúgbò ló bèèrè, ó sì fi owó kékeré sílẹ̀ níwájú Myrmidon kó tó lọ. Mo dá a padà fún un. Ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ṣé ó lè léfòó ní Ẹlẹ́yẹlé?

Kò ní ìsàlẹ̀. Ó máa dojú dé.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá, ń fẹ́ ṣe é. Ṣé kí n gbà fún un?

Ẹ gbà fún un, Mà. Ẹ jẹ́ kó fi páálí kan ti àkọ́kọ́, kí bíléèdì máa wà lọ́wọ́ àgbàlagbà. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lè jẹ́ àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí. Kò sídìí láti ra ti òkè òkun.

Èló ló máa ná mi, báwo ló sì ṣe máa pẹ́ tó?

Owó ọjà ń yí lójoojúmọ́, mi ò ní dá iye. Ọ̀dà àti gọ́ọ̀mù ló ń gbówó jù, igi ló ń gbówó kéré jù. Myrmidon gba oṣù mẹ́rin, alẹ́ nìkan, nígbà tí iná bá wà. Ìgbà ọyẹ́ ni kí ẹ má bo àjà, torí pákó máa ń fún nígbà náà. Bí òjò bá dé, ó máa wú, á sì gbé àjà sókè.

Níbo la máa tọ́jú rẹ̀ sí?

Kì í ṣe abẹ́ páànù tí kò ní àjà, ooru ibẹ̀ máa tú gọ́ọ̀mù. Orí wọ́díróòbù dáa, kí ẹ da nọ́lọ́ọ̀nù bò ó nítorí eruku. Ẹ kọ iwájú rẹ̀ sí ògiri. Tèmi kọjú sí ẹnu ọ̀nà nígbà àkọ́kọ́, lórí tábìlì kékeré kan, ọ̀pá imú rẹ̀ sì yọ jáde. Àbúrò ìyàwó mi wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò síná, orí ló fi ṣẹ́ ẹ. Ó ṣì ń bèèrè títí dòní ìdí tí mo fi kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí ọkọ̀ kí n tó tan án sí òun.